Àyẹ̀wò inú ikùn àti ìfun: bí ẹ ṣe máa múra kí dókítà lè rí ohun tó ń wá

Bí dókítà bá ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò inú, okùn ẹ̀rọ gígùn tí wọ́n máa kì bọ ẹnu tàbí ìdí ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan máa sún ọjọ́ náà síwájú títí àìsàn á fi wọra. Ẹ fọkàn balẹ̀, okùn yẹn kọ́ ló le jù níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe nílé kí ẹ tó débẹ̀ ló ń pinnu bóyá àyẹ̀wò náà á wúlò: ohun tí ẹ jẹ, oògùn tí ẹ dá dúró àti èyí tí ẹ ò dá dúró, bí inú yín ṣe mọ́ tó. Kámẹ́rà tó dára jù lọ láyé ò lè ríran gba inú ìgbẹ́ kọjá.

Ìwé ìlànà tí ilé ìwòsàn bá fún yín ló ga ju ohun tí mo kọ síbí lọ. Àwọn ló mọ oògùn tí wọ́n fẹ́ lò àti bí ara yín ṣe rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti yàtọ̀ sí tiwọn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn àmì tí kò gba ìdúró

Ẹni tó láyè láti múra ni gbogbo ìmúra tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì yín, bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ikùn bá le gbagidi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, bí inú bá wú tí ìgbẹ́ àti ìsó kò jáde tí ẹ sì ń bì, tàbí bí ẹyinjú bá yí padà bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, tí ara gbígbóná àti gbígbọ̀n sì tẹ̀ lé e, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn kankan. Ẹ gba ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹun, ẹ má sì lo oògùn ìfọnú kankan kí ẹ tó débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín sílẹ̀ kí ẹ tó rí dókítà

“Inú ń run mí” ò tó dókítà lò. Ó fẹ́ mọ ibi tó ti ń dùn gan-an: ṣé òkè ìdodo ni, ṣé abẹ́ egungun ìhà lápá ọ̀tún ni, àbí ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì? Ṣé ẹ̀yìn oúnjẹ ló máa ń dé, àbí ìgbà tí ebi bá ń pa yín? Ṣé ó ń jí yín lóru? Ìrora tó ń jíni lójú oorun máa ń wúwo létí dókítà ju èyí tó ń wá lọ́sàn-án nìkan lọ. Ṣé ẹ ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù? Ṣé oúnjẹ ń há yín lọ́nà ọ̀fun? Ṣé bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ti yí padà?

Ẹ wo ìgbẹ́ yín kí ẹ tó da omi sí i. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè gba ìdajì ìbéèrè sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń lo àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bristol, tó pín ìgbẹ́ sí oríṣi 7. Oríṣi 1 ni kóró líle bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, oríṣi 7 ni omi lásán, 3 àti 4 ló dáa jù. Bí ẹ bá lè sọ pé “oríṣi 6 ni mò ń yà, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́”, dókítà ti mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oògùn yín sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ewé àti egbò. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen, diclofenac àti aspirin wà lára ohun tó máa ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn jù lọ, àmọ́ nítorí pé kò gba ìwé dókítà kéèyàn tó rà á, ọ̀pọ̀ ni kì í kà á mọ́ oògùn. Oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, bismuth, oògùn inú rírun kan, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ pé ẹ ń lò ó, wọ́n lè máa wá ẹ̀jẹ̀ tí kò sí.

Bí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ẹ sọ ọjọ́ orí tó wà nígbà tí wọ́n rí i. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ẹni ogójì ọdún, tàbí kí ó ṣẹ́ ku ọdún 10 kí ẹ tó dé ọjọ́ orí yẹn, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ìgbésẹ̀ 2: Àwọn àyẹ̀wò tí kò la okùn lọ

Dókítà á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ikùn yín, á gba ẹ̀jẹ̀ láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ kéré lára yín àti bóyá ẹ̀dọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó sì lè béèrè ìgbẹ́. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan, FIT, ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Èkejì ń wá calprotectin, ìyẹn purotéènì tó máa ń pọ̀ nínú ìgbẹ́ bí ìfun bá wú tó sì gbóná. Bí calprotectin ọ̀dọ́ kan bá kéré, tí kò sì sí àmì ewu míì, ó ṣeé ṣe kó má nílò okùn ẹ̀rọ rárá.

Kí ẹ tó yàgbẹ́, ẹ tẹ́ bébà tàbí abọ́ mímọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìgbẹ́ má bàa kan omi tàbí ìtọ̀. Ẹ fi igi tó wà lára ìdérí ìgò bù ú díẹ̀; ẹ má rọ ìgò kún, wọn ò nílò púpọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára.

Fún ọgbẹ́ inú, kòkòrò tí wọ́n máa ń wá ni *Helicobacter pylori*. Tẹ́lẹ̀ rí, ìrònú àti oúnjẹ ni àwọn dókítà máa ń di ẹ̀bi ọgbẹ́ inú rù, títí Barry Marshall àti Robin Warren fi rí kòkòrò yìí ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní 1982. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ sì wú. Ẹ̀bùn Nobel dé bá àwọn méjèèjì ní 2005. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi ń wo ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú lónìí, dípò kéèyàn máa mu oògùn omi kíkan títí ayé.

Ẹ lè fi èémí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò kan, ẹ máa mu omi tí wọ́n po urea sí, ẹ máa dúró bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ máa tún fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò kejì. Bí kòkòrò náà bá wà nínú ikùn, á fọ́ urea náà, àmì rẹ̀ á sì jáde nínú èémí yín. Kò dunni rárá. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni oògùn: omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dín omi kíkan inú kù gbọ́dọ̀ ti dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, oògùn apakòkòrò àti bismuth fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò á sá pamọ́, èsì á sọ pé kò sí, nígbà tó sì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwòrán

Ultrasound ló dáa jù láti fi wá òkúta nínú àpò òróòro: wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa ikùn, wọ́n á máa yí ẹ̀rọ lórí rẹ̀. Ẹ má jẹun fún wákàtí 6 sí 8 ṣáájú, torí pé oúnjẹ máa ń mú kí àpò náà fún pọ̀, tí òkúta á sì ṣòro rí. CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, ń wo gbogbo inú lápapọ̀, pàápàá bí ìrora bá dé lójijì. Bí kíndìnrín yín ò bá dáa tàbí tí ara yín kì í gba oògùn tí wọ́n ń fún ni kí àwòrán lè hàn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fà á sí yín lára.

Ìgbésẹ̀ 4: Okùn láti ẹnu

Gastroscopy ni wọ́n ń pè é. Okùn náà kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ, ó sì ń wo ọ̀nà ọ̀fun, ikùn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Ẹ má jẹun fún ó kéré tán wákàtí 6. Omi lásán ṣì ṣeé mu títí di wákàtí 2 ṣáájú, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá. Bí eyín kan bá ń mì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Wọ́n á fín oògùn kíkorò sí yín lọ́fun kí ó lè kú tipiri, wọ́n á fi ike kan sáàárín eyín yín, ẹ ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ìgbà tí okùn bá ń kọjá ọ̀fun ló nira jù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni. Ẹ máa fi imú mí, kí ẹ jẹ́ kí itọ́ máa dà jáde lẹ́nu láìgbé e mì. Ọ̀nà oúnjẹ ni okùn náà gbà, kò gba ọ̀nà èémí, nítorí náà mímí ò ní dí. Ìṣẹ́jú 5 sí 15, ó ti parí.

Ẹ lè gba oògùn tó ń mú ni tòògbé, ẹ sì lè ní kí wọ́n fín oògùn sí ọ̀fun nìkan. Bí ọkàn yín bá gbà á, ọ̀fun nìkan ni mo máa yàn fún àyẹ̀wò kúkúrú: ẹ lè dá lọ sílé fúnra yín, ẹ ó sì rántí gbogbo ohun tí dókítà sọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà gidi, kó gba oògùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Okùn yìí tún ń wo àìsàn. Wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ sí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ìdè irin kékeré há a, kí wọ́n fi rọ́bà di iṣan tó wú nínú ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀, tàbí kí wọ́n fi àpò kékeré tó ń wú bíi fèrè ọmọdé fẹ ibi tó há. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ, ẹ má mu ohunkóhun títí ọ̀fun yín á fi jí, ó máa ń tó wákàtí kan. Omi tútù díẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, kí ẹ má fi ohun gbígbóná bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Okùn láti ìdí, àti òru ọjọ́ ìfọnú

Colonoscopy nìyí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìfun ńlá gùn tó mítà 1.5, dókítà sì fẹ́ wo gbogbo ògiri rẹ̀.

*Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.* Ẹ pe ilé ìwòsàn nípa oògùn yín. Oògùn irin máa ń dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 7 ṣáájú nítorí ó ń mú kí ìgbẹ́ dúdú kó sì lẹ̀ mọ́ ìfun. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, clopidogrel, rivaroxaban tàbí apixaban, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì dákẹ́. Dókítà ló máa wọn ewu ẹ̀jẹ̀ dídì mọ́ ewu ẹ̀jẹ̀ dídà. Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Insulin tàbí oògùn yín ní láti yí padà, torí pé ẹ ò ní jẹun. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ ń dùn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó yan oògùn ìfọnú fún un, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ wá ẹni tó máa sìn yín wá, tó sì máa mú yín lọ sílé.

*Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.* Ẹ yẹra fún ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, èso tó ní kóró tàbí èèpo, àti ọkà tí wọn ò bó. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja, adìyẹ àti ọ̀dùnkún tí ẹ bó ni kí ẹ máa jẹ. Ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 4 lọ. Kóró èso bíńtín lè dí i, dókítà á sì máa jà pẹ̀lú ìdọ̀tí dípò kó máa wo ìfun.

*Ọjọ́ tó ṣáájú.* Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun olómi tó mọ́ gaara nìkan ni: omi, omi ẹran tí ẹ sẹ́, tíì tí kò ní mílíìkì, omi èso tí kò ní ìdàrọ́. Ohun pupa àti ohun aláwọ̀ àlùkò ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu yín, ó máa ń jọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.

*Ìrọ̀lẹ́.* Ẹ po oògùn ìfọnú mọ́ omi ní àárọ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, ó ń rọrùn láti mu bó bá tutù. Èyí tó wọ́pọ̀, PEG, kì í wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó kàn ń di omi mú sínú ìfun kí ó lè gbá gbogbo rẹ̀ jáde. Lítà 2 sí 4 ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn mu lápapọ̀, ìdajì lálẹ́, ìdajì láàárọ̀. Ife kan ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi páìpù ìmumi fà á, kó lè kọjá ẹ̀yìn ahọ́n. Ẹ fi básílíìnì pa ìdí *kí* ìgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kẹfà ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bébà le jù fún irú ọjọ́ yìí, omi ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tún máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń bì í léraléra, ẹ pe ilé ìwòsàn.

*Ìdájí.* Ìdajì kejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kó sì parí ní ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ á jí ní aago mẹ́ta òru. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní inú àwọn ti mọ́ lánàá. Kò mọ́. Ní gbogbo òru, ìfun kékeré ń da omi òróòro sínú apá ọ̀tún ìfun ńlá, omi yìí á sì tẹ́ bo ògiri rẹ̀. Apá ọ̀tún náà ni àwọn polyp pẹlẹbẹ, ẹran tó hù sára ògiri ìfun, fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí. Ẹni tó fo ìdajì kejì ti fi aṣọ bò wọ́n fún dókítà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé inú ti mọ́? Ìgbẹ́ líle ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omi aláwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà omi rúdurùdu. Ibi tí ẹ ń lọ ni omi tó pọ́n díẹ̀ bí ìtọ̀, tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ àwo gbà inú rẹ̀, tí kò ní èérún kankan. Bí ẹ bá ti mu gbogbo rẹ̀ tán tí kò sì tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó jáde nílé; wọ́n lè rí nǹkan ṣe sí i.

*Nínú yàrá.* Ẹ máa fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á fi páìpù tín-ín-rín sí iṣan ọwọ́ yín, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún yín mọ́ra. Dókítà á fi ìka wo ìdí kó tó ki okùn. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìfun kí ó lè là, ìyẹn ló ń dà bí ìgbà tí inú bá ń fún ni. Nọ́ọ̀sì lè fọwọ́ tẹ ikùn yín láti ran okùn lọ́wọ́ níbi kọ́ńkọ́. Gbogbo rẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 45. Bí wọ́n bá rí polyp, wọ́n á ju wáyà oníkókó sí i lọ́rùn, wọ́n á fà á gé. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ara inú ìfun kì í mọ gígé. Fífẹ̀ ló ń mọ̀. Púpọ̀ jẹjẹrẹ ìfun láti ara polyp ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ lónìí ti gba ìtọ́jú ṣáájú àìsàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Lẹ́yìn àyẹ̀wò

Ẹ só o. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú gbọ́dọ̀ jáde, àwọn nọ́ọ̀sì náà ń retí rẹ̀. Bí ẹ bá gba oògùn òògbé, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pàtàkì, ẹ má mu ọtí fún wákàtí 24, kódà bí ojú yín bá dá.

Kí ìfun lu ṣọ̀wọ́n, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 1,000 tàbí kó kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rí: ìrora ikùn tó ń le sí i dípò kó rọlẹ̀, ara gbígbóná, ikùn tó le. Ẹ̀jẹ̀ ìdí díẹ̀ lẹ́yìn gígé polyp kì í ṣe tuntun. Èyí tó pọ̀ tàbí tó ní ìdì ẹ̀jẹ̀ nínú ni kí ẹ sá lọ ilé ìwòsàn fún, ó sì lè dé títí di ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà míì tí wọ́n lè darí yín sí

Ìfun kékeré gùn ju ibi tí okùn lè dé. Fún un, wọ́n lè fún yín ní kámẹ́rà tó dà bí oògùn oníhóró ńlá, tó gùn bíi mílímítà 26. Ẹ máa gbé e mì, á máa ya àwòrán fún wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi irin òòfà ńlá yà, fún yín kí ó tó jáde. Bí òkúta bá dí ọ̀nà òróòro, ERCP, ìyẹn okùn ẹ̀rọ tó ń gba ẹnu dé ọ̀nà òróòro, ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ béèrè nípa ewu rẹ̀ dáadáa, torí pé pánkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, ń wú lára ẹni 3 sí 10 nínú 100. Àpò òróòro fúnra rẹ̀, bí òkúta inú rẹ̀ bá ń dààmú yín, iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré ni wọ́n fi ń yọ ọ́.

Ẹni tí wọ́n rí *H. pylori* lára rẹ̀ á lo oògùn bí mẹ́rin pọ̀, ọjọ́ 14 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ lò ó tán. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, ẹ padà lọ fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò. Kí inú má run yín mọ́ kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti kú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gba èsì yín lọ́wọ́

Ohun tí dókítà sọ fún yín nígbà tí oògùn ṣì wà lójú yín, ẹ ò ní rántí ìdajì rẹ̀. Ẹ gba ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó sìn yín wá jókòó gbọ́. Ẹ béèrè bóyá okùn dé òpin ìfun ńlá, níbi tí ìfun kékeré ti wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè máàkì ìmọ́tótó: ọ̀pọ̀ ń lo ìwọ̀n Boston, tó pín ìfun ńlá sí apá 3, tó sì ń fún apá kọ̀ọ̀kan ní 0 dé 3. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba 2 ó kéré tán. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n gé àti ìgbà tí èsì rẹ̀ máa ti láàbù dé. Ẹ má gbà pé “bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan, ó dáa nìyẹn”. Ẹ béèrè ọdún tí ẹ máa padà wá. Bí apá kan bá sì gba 0 tàbí 1, ẹ má gba “a ò rí nǹkan” lọ sílé bí èsì. Ẹ bá wọn mú ọjọ́ tuntun láàárín ọdún kan, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìfọnú tó kọjá ò mọ́ tó, kí wọ́n lè fún yín ní èyí tó lágbára jù ú lọ.